Bí ẹyọ kan bá ṣubú, ṣé dandan ni kí gbogbo ìyókù wó?

Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù rí á ti rí bí wọ́n ṣe máa ń tò ó sójú oòrùn kó lè gbẹ. Bí wọ́n bá nà án ró lóòró, tí wọ́n sì tò ó sún mọ́ra jù, tí ẹnì kan wá ṣèèṣì fẹsẹ̀ kọ ti iwájú, kì í ṣe òun nìkan ló máa ṣubú. Á lu èkejì, èkejì á lu ẹ̀kẹta, kí ẹni tó ni iṣẹ́ sì tó pariwo, ìdajì ohun tí wọ́n mọ láàárọ̀ ti fọ́. Àwọn òyìnbó ní orúkọ fún irú nǹkan báyìí. Inú eré dómínò ni wọ́n ti mú un, ìyẹn àwọn ẹyọ pẹlẹbẹ tó ní àmì tótòtó lójú. Bí wọ́n bá na dómínò ró lórí ìlà, tí wọ́n ti àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ á máa wó tẹ̀ lé ara wọn títí dé èyí tó kẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun sí Yorùbá. Àwọn àgbà ló sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru. Wọ́n tún ní ohun tó bá ojú ti bá imú. Kò sí oníṣòwò tí kò mọ̀ pé bí owó epo bá gbẹ́nu sókè lónìí, owó mọ́tò á gòkè lọ́la, tí yóò bá sì fi di ọ̀túnla, ata rodo ti gbówó lórí.

Àwọn méjì ló máa ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí lò. Àkọ́kọ́ ni olóṣèlú tó bá fẹ́ dẹ́rù ba aráàlú. Á ní bí wọ́n bá gba nǹkan báyìí láyè, gbogbo ìlú ló máa dàrú, kò sì ní í ṣàlàyé ọ̀nà tí ìdàrúdàpọ̀ náà máa gbà wọlé. Èkejì ni oníṣòwò tí nǹkan ti sú, tó ń sọ pé láti òkè ni wọ́n ti tì í, kò sí ohun tí ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè ṣe sí i. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì gbàgbé, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín ẹyọ kan sí èkejì. Bí àlàfo yẹn bá ju gíga ẹyọ tó ń ṣubú lọ, ilẹ̀ lásán ló máa bá, kò ní í kan ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, kì í ṣe ẹyọ tó kọ́kọ́ ṣubú ló yẹ kí oníṣòwò máa wò ṣáá, bí kò ṣe bí òun ṣe sún mọ́ ọn tó.

Ààrẹ Amẹ́ríkà kan, Dwight Eisenhower, ló sọ ọ̀rọ̀ dómínò di ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹrin, ọdún 1954, níbi tó ti ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, wọ́n bi í léèrè nípa Indochina, ìyẹn àgbègbè tí Vietnam, Laos àti Cambodia wà. Lásìkò náà, àwọn ọmọ ogun Faransé ń bá àwọn kọ́múníìsì jà níbẹ̀, ogun náà sì ti ń rẹ̀ wọ́n. Èsì tí Eisenhower fọ̀ ni pé ńṣe ni àwọn orílẹ̀-èdè yẹn dà bí dómínò tí wọ́n tò sórí ìlà, bí àkọ́kọ́ bá ti ṣubú, kíákíá ni èyí tó kẹ́yìn máa wó. Ó dárúkọ Burma, Thailand àti Indonesia, ó sì ní ewu náà lè dé ọ̀dọ̀ Japan àti Australia. Oṣù kan géérégé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, Faransé pàdánù ibùdó ogun wọn ní Dien Bien Phu.

Àwọn ààrẹ tó jẹ lẹ́yìn Eisenhower náà di ọ̀rọ̀ yìí mú. Ó wà lára ohun tó fa Amẹ́ríkà wọ inú ogun Vietnam, ogun tí ó lé ní 58,000 ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kú sí, tí àwọn ará Vietnam tó kú sì pọ̀ ju ìyẹn lọ lọ́pọ̀ ìlọ́po. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, ẹyọ àkọ́kọ́ ṣubú. Ní ọdún 1975, àwọn kọ́múníìsì gba Cambodia ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹrin, wọ́n gba Saigon tí í ṣe olú ìlú gúúsù Vietnam ní ọjọ́ 30, oṣù kan náà, wọ́n sì gba Laos ní oṣù Kejìlá.

Ibẹ̀ ni ìlà náà dúró sí. Thailand tó bá Laos àti Cambodia pààlà kò ṣubú. Malaysia kò ṣubú, bẹ́ẹ̀ ni Singapore, Indonesia àti Philippines. Ohun tó tilẹ̀ ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé àwọn kọ́múníìsì fúnra wọn ló wá kọjú ìjà síra wọn. Vietnam kógun wọ Cambodia níparí ọdún 1978, China náà sì kógun ja Vietnam ní oṣù Kejì, 1979.

Kí ló fà á? Ìtòsí nìkan kọ́ ló ń mú nǹkan wó, ohun tó so wọ́n pọ̀ ni. Abẹ́ Faransé kan náà ni Vietnam, Laos àti Cambodia ti wà, ogun kan náà ló sì ń gba inú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ara wọn ni wọ́n fara tì. Ní ti Thailand àtàwọn yòókù, oníkálukú ló ní ọrọ̀ ajé tirẹ̀, ọmọ ogun tirẹ̀ àti ìṣòro abẹ́lé tirẹ̀. Láti ọdún 1967 ni márùn-ún nínú wọn sì ti dá ẹgbẹ́ ASEAN sílẹ̀ kí wọ́n lè máa bá ara wọn ṣe. Lójú máàpù, wọ́n sún mọ́ ibi tí iná ti ń jó, ṣùgbọ́n àlàfo wà láàárín wọn.

Ohun tó jọ èyí tún ṣẹlẹ̀ ní àríwá Áfíríkà, oníṣòwò kékeré kan ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kejìlá, 2010, nílùú Sidi Bouzid ní Tunisia, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń fi ọmọlanke ta èso, Mohamed Bouazizi, dáná sun ara rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba ọjà àti òṣùwọ̀n rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 4, oṣù Kìn-ín-ní, 2011. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, Ààrẹ Ben Ali tó ti wà lórí oyè fún ọdún mẹ́tàlélógún fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ní ọjọ́ 11, oṣù Kejì, Hosni Mubarak gbé ìjọba Íjíbítì sílẹ̀. Kí oṣù Kẹwàá tó parí, wọ́n ti pa Muammar Gaddafi ní Libya. Síbẹ̀, ọba Morocco kò ṣubú, ti Jordan náà kò ṣubú. Ní Morocco, kíá ni ọba ti ní kí wọ́n ṣàtúnṣe sí òfin ilẹ̀ náà, aráàlú sì dìbò lé e lórí ní oṣù Keje ọdún yẹn. Ẹni tó rí i pé ti iwájú òun ń wó tètè sún sẹ́yìn díẹ̀.

Èyí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín dómínò àti èèyàn. Dómínò kò lójú, kò sì lè sún. Èèyàn lè sún.

Nílé níbí, àpẹẹrẹ tó yé oníṣòwò jù lọ ni ti owó epo rọ̀bì. Ní oṣù Kẹfà, 2014, àgbá epo rọ̀bì kan ju 110 dọ́là lọ lọ́jà àgbáyé. Ṣùgbọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń fa epo púpọ̀ jáde látinú àpáta nílẹ̀ tiwọn, epo sì wá pọ̀ ju ohun tí àwọn oníbàárà ń fẹ́ lọ. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kọkànlá ọdún náà, àwọn orílẹ̀-èdè inú ẹgbẹ́ OPEC ṣèpàdé nílùú Vienna, wọ́n sì ní àwọn kò ní í dín èyí tí àwọn ń gbé jáde kù. Kí oṣù Kìn-ín-ní, 2015 tó parí, owó àgbá kan ti já wá sábẹ́ 50 dọ́là. Nígbà tó máa fi di oṣù Kìn-ín-ní, 2016, ó ti wọ ìsàlẹ̀ 30 dọ́là.

Kí ló kan ẹni tó ń ta ìrẹsì ní Ọjà Ọba l'Óṣogbo nínú ìpàdé Vienna? Ó kàn án gan-an ni. Lásìkò náà, owó epo ló pọ̀ jù nínú owó tí wọ́n ń pín l'Ábújá fún àwọn ìpínlẹ̀ lóṣooṣù. Nígbà tó dín kù, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ tí owó tí wọ́n ń pa wọlé fúnra wọn kò tó nǹkan kò rí owó oṣù san mọ́. Ọ̀ṣun wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà le fún jù. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 2015, gbèsè owó oṣù tí wọ́n jẹ òṣìṣẹ́ níbẹ̀ ti ju ti oṣù márùn-ún lọ. Ní oṣù Keje, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí owó ìrànwọ́ fún àwọn ìpínlẹ̀, síbẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó wà ní ipele òkè l'Ọ́ṣun ṣì ń gba ìdajì owó oṣù títí wọ inú ọdún 2018.

Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rìn nínú ọjà nìyí. Tíṣà tí kò gbowó oṣù á lọ gba ìrẹsì àti òróró láwìn lọ́wọ́ ìyá tó ń tajà ládùúgbò. Ìyá yẹn kò lè ṣe kó má fún un, nítorí ojú ń rójú, oníbàárà ọjọ́ pípẹ́ sì ni. Nígbà tó bá di oṣù kejì, ìwé àwìn ti kún. Bẹ́ẹ̀ òun náà kò tíì san gbogbo owó ọjà tó gbà lọ́wọ́ olówó ọjà ní Bódìjà. Olówó ọjà á ní òun kò gbé ọjà fún un mọ́ àfi tó bá san ti tẹ́lẹ̀. Èésú tó ń dá tẹ́lẹ̀, kò ní í rí i dá mọ́. Ẹni tó kàn láti kó èésú lóṣù yẹn ti fi ọkàn sí owó náà, ó fẹ́ fi san owó iléèwé ọmọ ni. Oníléèwé tí kò rí owó gbà kò ní í rí owó san fún àwọn tíṣà tirẹ̀, àwọn tíṣà yẹn náà á sì gba ọ̀dọ̀ ìyá onírẹsì lọ láti lọ gba ọjà láwìn. Ohun tó kọ lù ú níwájú ti tún gba ẹ̀yìn yọ sí i.

Kò sì tán síbẹ̀ o. Nígbà tí dọ́là wọ́n, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa tú náírà sílẹ̀ ní ọjọ́ 20, oṣù Kẹfà, 2016. Dọ́là tó jẹ́ bíi 197 náírà tẹ́lẹ̀ fò kọjá 280 náírà láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọjà tó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí lásìkò tí owó ti tán lápò oníbàárà. Ọdún yẹn ni ọrọ̀ ajé Nàìjíríà wọlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ohun tó ju ogún ọdún lọ.

Àwọn kan lè sọ pé kò sí bí èèyàn ṣe lè yẹra fún irú èyí, pé bí owó epo bá ti já, àfi kí gbogbo nǹkan já. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Keje, 2008, owó àgbá kan dé 147 dọ́là. Kí ọdún náà tó parí, ó ti já wá sábẹ́ 40. Ìjábọ̀ yẹn yá ju ti 2014 lọ. Ṣùgbọ́n ọrọ̀ ajé Nàìjíríà kò wọlẹ̀ ní 2009 bó ṣe wọlẹ̀ ní 2016. Òótọ́ ni pé owó epo tètè gòkè padà lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn tún wà. Nígbà yẹn, owó tí wọ́n fi pamọ́ látinú èrè epo, nínú àpò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2004, ti tó bíi 20 bílíọ̀nù dọ́là. Owó yẹn ni wọ́n ń bù lò nígbà tí nǹkan le. Nígbà tó máa fi di 2015, ohun tó kù nínú àpò náà kò ju bíi 2 bílíọ̀nù lọ. Bẹ́ẹ̀ láàárín àkókò tí owó epo fi wà lókè, ńṣe ni àwọn gómìnà ń pariwo pé òfin kò fàyè gba kí wọ́n máa fi owó pamọ́, wọ́n tiẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́. Ẹyọ kan náà ló ṣubú lẹ́ẹ̀mejèèjì. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ti jẹ àlàfo tán.

Èyí ló yẹ kí oníṣòwò máa bi olóṣèlú tó bá wá tọrọ ìbò. Kì í ṣe kó máa ṣèlérí pé epo máa gbówó lórí títí ayé, nítorí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀. Èló ló máa fi pamọ́ nígbà tí nǹkan bá rọ̀ṣọ̀mù? Èló ni ìpínlẹ̀ rẹ̀ ń pa wọlé fúnra rẹ̀? Tẹ́lọ̀ tó rán aṣọ iléèwé fún ìjọba, kóríkóò tó ṣe àga, olóúnjẹ tó gbọ́únjẹ ìpàdé, oṣù mélòó ni wọ́n máa fi dúró kí wọ́n tó gbowó? Ìjọba tó ń jẹ oníṣòwò kékeré lówó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti búlọ́ọ̀kù iwájú ni.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń dúró de ìjọba kó tó wá àlàfo tirẹ̀, ó lè pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni ìwó máa ń gbà dé ṣọ́ọ̀bù kékeré, ọ̀nà mẹ́ta náà ló sì yẹ kó máa ṣọ́.

Èkíní ni àwìn. Ká ní ọjà kan wà tí wọ́n rà ní 19,000 náírà, tí wọ́n ń tà ní 20,000. Bí ẹnì kan bá gbé ẹyọ kan lọ láwìn tí kò sì san án, ojú owó 19,000 ló lọ. Àfi kí ọlọ́jà ta mọ́kàndínlógún mìíràn kí èrè rẹ̀ tó dí ihò yẹn, gbogbo wàhálà tó bá sì ṣe lórí mọ́kàndínlógún náà, lórí òfo ni. Kò sẹ́ni tó lè ní kí oníṣòwò Yorùbá má tawìn rárá, ọjà kò ní í tà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó ní iye kan tí gbogbo àwìn inú ìwé kò gbọdọ̀ kọjá, ìyẹn iye tó jẹ́ pé bí wọn kò bá tiẹ̀ san án, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣì máa ṣí lọ́la.

Èkejì ni ibi tí owó ti ń wá. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ló ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ tí ìjọba kò bá san owó ni òun náà kò gbowó. Bí àgbẹ̀, onímọ́tò, oníṣẹ́ ọwọ́ àtàwọn ọmọ iléèwé bá wà lára wọn, ohun tó bá ẹgbẹ́ kan kò ní í bá gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbé ọjà fúnni. Ó yẹ kí oníṣòwò ní ẹnì kejì tó lè lọ bá bí ti àkọ́kọ́ bá yọwọ́, bó bá tiẹ̀ fi díẹ̀ wọ́n jù.

Ẹ̀kẹta ni onígbọ̀wọ́. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yáwó tí wọ́n ń fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń gbà á, bí ẹnì kan kò bá san, àwọn yòókù á san án. Ètò náà dára, nítorí ojú máa ń ti èèyàn láti já ẹgbẹ́ kulẹ̀. Àmọ́ bí àwọn márùn-ún tó wà nínú ẹgbẹ́ kan bá ń ta ọjà kan náà, ní òpópónà kan náà, fún àwọn oníbàárà kan náà, búlọ́ọ̀kù márùn-ún tí wọ́n tò sún mọ́ra ni wọ́n. Ohun tó bá dí ẹnì kan lọ́wọ́ láti san ló máa dí ìyókù lọ́wọ́. Kí ẹni tó ń ta oúnjẹ, tẹ́lọ̀, onídìrí àti ẹni tó ń ta oògùn kòkòrò fún àgbẹ̀ jọ dúró fún ara wọn sàn ju kí àwọn onírẹsì márùn-ún ṣe é lọ.

Ó tún ku ohun kan. Bí èèyàn ṣe lè sún kúrò kí nǹkan tó wó lù ú, bẹ́ẹ̀ náà ló lè fi ìbẹ̀rù fa ìwó tí kò yẹ kó wáyé. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé epo bẹntiróòlù máa wọ́n, gbogbo ayé á gbé kẹ́ẹ̀gì jáde, epo tí ì bá tó lò fún ọ̀sẹ̀ kan á tán láàárín ọjọ́ méjì, wọ́n á wá máa sọ pé àwọn ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Olówó ọjà tó gbọ́ pé nǹkan le, tó wá dédé gba ọjà rẹ̀ padà lọ́wọ́ gbogbo oníbàárà, títí kan àwọn tó ń san owó déédéé, ó ti ti àwọn tó dúró dáadáa ṣubú, ohun tó ń sá fún á sì bá a nílé. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gba ọ̀rọ̀ pé gbogbo nǹkan ló máa wó láìbéèrè ọ̀nà tó máa gbà wó. 

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Owó epo ṣì máa já lọ́jọ́ kan, ìjọba kan ṣì máa jẹ owó oṣù, olówó ọjà kan ṣì máa yọwọ́. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kékeré tó lè dá ìyẹn dúró. Ohun tó wà níkàáwọ́ oníṣòwò ni pé kó ṣí ìwé àwìn rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan tí ọjà bá dá, kó fọwọ́ lé orúkọ ẹni tí gbèsè rẹ̀ pọ̀ jù, kó sì bi ara rẹ̀ pé bí ẹni yìí kò bá san kọ́bọ̀ fún oṣù mẹ́ta, ta ló kàn? Bí ìdáhùn bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀, ó ti tó àkókò láti sún.